Ta Ló Gbé Ẹja Dókítà Mięta?

Ìpẹ́ ẹja mẹ́ta ló wà lójú fèrèsé yàrá kan ní ilé ìwádìí ẹja, omi sì ti kán láti ẹ̀gbẹ́ táńkì títí dé abẹ́ fèrèsé náà, tó-tò-tó, bí ẹni fi í júwe ọ̀nà. Táńkì fúnra rẹ̀ ṣófo. Èmi àti ọ̀gá mi dúró tì í, à ń wo inú rẹ̀ bí ẹni wo kòtò òkú. Dókítà Mięta, obìnrin tó ni ẹja, jókòó lẹ́yìn wa. Kò sunkún, ó kàn gbá ìwé ńlá kan mọ́ àyà. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejìlá ọdún 1974, ní ìlú wa Karasiowo. Ó ku ọjọ́ márùn-ún ká jẹ ẹja Kérésìmesì, kò sì sí ilé kan tí ẹja kápù kò lúwẹ̀ẹ́ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ rẹ̀ lásìkò yẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹja pamọ́ ní Karasiowo láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àfi bí ẹni bu omi kan dà sódò.

Sájẹ́ǹtì Cyprian Wilga ni mí, ọlọ́pàá. Ọ̀gá mi ni Lẹ́fútẹ́náǹtì Leokadia Szpak, obìnrin kúkúrú tó máa ń wo aṣọ ènìyàn kó tó wo ojú rẹ̀. Ọmọ aránṣọ ni. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ẹnu lè purọ́, ojú lè purọ́, ṣùgbọ́n àpò aṣọ kì í purọ́. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Ẹja tó sọnù kì í ṣe ẹja ọbẹ̀. Hetman ni wọ́n ń pè é, orúkọ oyè àwọn balógun ilẹ̀ Pólándì láyé àtijọ́. Kílò mẹ́sàn-án ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Lọ́dún 1963, àrùn ikùn-wíwú wọ gbogbo adágún ẹja tó yí wa ká, ẹja sì kú lọ bẹẹrẹbẹ. Teodora Mięta ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà nínú ìmọ̀ àrùn ẹja nígbà náà, òun sì ni wọ́n rán pé kó wá ka òkú wọn. Ó ń kà á lọ nínú ẹrẹ̀, ó dé orí ọ̀kan, ó rí i pé ó ṣì ń mí. Egbò tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ̀, ó sì ń ṣí ẹnu sí i bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò. Ó gbé e sínú garawa, ó gbé e lọ sí ilé ìwádìí. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ayé rẹ̀ àti ẹ̀mí ẹja yẹn ti di ọ̀kan.

Ohun tí dókítà ń sọ kò ju báyìí lọ: ẹja tó bá bọ́ lọ́wọ́ àrùn yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í gbàgbé, yóò máa bá kòkòrò àrùn náà jà títí ọjọ́ ikú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Seweryn Rączka ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ ẹja á ti gbàgbé ogun tó jà bí ọ̀mùtí ṣe ń gbàgbé ẹ̀jẹ́. Ìwé mẹ́ta ló kọ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí dókítà kọ́kọ́ wá gba oyè dósẹ́ǹtì, ìpele tó kù kó di ọ̀jọ̀gbọ́n, Rączka ló dìde pé àfi bí òun bá fojú ara òun rí i. Ìgbìmọ̀ dá obìnrin náà padà. Ọdún mẹ́ta ló tún fi dúró. Ní báyìí wọ́n ti fún un lọ́jọ́: lọ́la, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, á fa ẹ̀jẹ̀ Hetman lójú gbogbo wọn.

Ọ̀gá mi bi í léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a ò bá rí ẹja.

"Wọ́n á sún un síwájú," dókítà dáhùn. "Ọdún kan, bóyá méjì. Mo ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Mo ti di àgbà nídìí ẹja kan ṣoṣo."

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú ọ̀kan nínú ìpẹ́ ojú fèrèsé, ó gbé e sábẹ́ dígí amúǹkan-tóbi. Kò pẹ́ tó fi gbé orí sókè.

"Èyí kì í ṣe tirẹ̀," ó wí. "Ìpẹ́ ẹja dà bí ìtì igi, ọdún kọ̀ọ̀kan ló ń fi òrùka kan sí i. Mẹ́ta péré ló wà lórí èyí. Ẹja ọdún mẹ́ta ni, irú èyí tí gbogbo wa rà fún Kérésì."

Ọ̀gá mi wò ó pẹ́. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé ọwọ́ obìnrin náà mọ́, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ká máa sáré lọ sẹ́yìn fèrèsé kò ní sọ fún wa pé ojú fèrèsé purọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí táńkì lófìfo ni Walenty Dudek, ọkùnrin tó ti ń tọ́jú omi àti táńkì ilé náà láti ogún ọdún. Òun ló pe dókítà, òun náà ló pè wá. Ó ń rìn kiri pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, ó ń nu ibi tó ti gbẹ. Ọ̀gá mi ní kó wo yàrá náà dáadáa kó sọ nǹkan mìíràn tí kò sí níbẹ̀. Ó ní kò sí. Dókítà ló rí i pé ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe gbóná sí.

Ojú mi ti wà lára Rączka ní tèmi. Ta ló tún máa jàǹfààní bí kì í ṣe òun? Pani Genowefa (Pani la fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, Pan fún ọkùnrin), ìyá àgbà tó ń gba kóòtù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà, fà mí sí kọ̀rọ̀, ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n náà máa ń yọ́ wọ yàrá táńkì nígbà tí dókítà bá lọ jẹun ọ̀sán, pé òun ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Mo sáré lọ sọ fún ọ̀gá mi pé ká lọ mú un. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ pa ẹja kì í gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ dání.

Ibi tí a ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnì kan ti dé pé òun rí ọkùnrin tó ń dáná sí ẹ̀rọ amúlégbóná ilé ìwádìí náà, ó ń gbé ẹja gìrìwò kan lọ sílé lánàá. Ọ̀gá mi rán mi lọ. Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin. Ẹja wà lóòótọ́ nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ọkùnrin náà, àmọ́ kò ju kílò méjì lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti so rìbọ́ǹnì pupa mọ́ ọn níhà ìrù. Nígbà tí mo ti kúkú débẹ̀, mo kan gbogbo ilẹ̀kùn àjà náà. Ilé mẹ́fà, ọpọ́n mẹ́fà, ẹja mẹ́fà. Ní ilé karùn-ún, bàbá arúgbó kan ń fi omi inú kọ́ọ̀bù bọ́jú lórí ìjókòó, ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, bí ìjọba bá fẹ́ gba ẹja yẹn kí wọ́n gbà á, nítorí ìyàwó òun ti ní òun kò gbọdọ̀ wẹ̀ títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá mi ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti ki ọwọ́ bọ asẹ́ tí omi táńkì ń gbà kọjá. Ó ń kó ohun tó bá níbẹ̀ sórí ìwé ìròyìn: hóró dúdú wẹ́wẹ́ bíi ti inú kéèkì makowiec, kárọ́ọ̀tì sísè, èérún búrẹ́dì, ọkà báálì, àti ìrù ẹja kékeré oníyọ̀ kan.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?" ó bi dókítà.

"Ọgọ́fà gíráàmù lójúmọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń wọ̀n ọ́n." Dókítà wo orí ìwé ìròyìn náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ta ló fún ẹja mi ní kéèkì?"

Ọ̀gá mi nu ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ sí ibi tí kóòtù wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àpò wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Pani Genowefa fẹ́ dí i lọ́nà, ó ní ìwà àìmọ̀wọ̀-ara-ẹni ni. Ọ̀gá mi wo àpò épírọ́ọ̀nù tó wà ní ìdí ìyá àgbà náà, ó ti ìka kan bọ inú rẹ̀, ó gbé ìka rẹ̀ sókè. Hóró dúdú mẹ́rin ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá àgbà jókòó. Ó ní ìba díẹ̀ ni, ègé kan lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, torí ẹja náà máa ń fi ojú bẹ ènìyàn.

Nínú kóòtù Ọ̀jọ̀gbọ́n Rączka ni a ti bá ìdì kékeré kan tí wọ́n fi ìwé funfun wé. A pè é wọ yàrá. Ọkùnrin gíga ni, ó gbẹ bí igi tábà, ó sì jókòó bí ẹni tó fẹ́ bá wa fi ìwé jà. Ọ̀gá mi tú ìdì náà síwájú rẹ̀. Ọkà báálì sísè ni, ó ti tutù.

"Oúnjẹ ọ̀sán yín nìyí?"

"Ti ẹyẹlé ni."

"Ẹyẹlé wo ló ń jẹ báálì tí wọ́n sè rọ̀, tí wọn ò fi iyọ̀ sí rárá?"

Ó kọjú sí fèrèsé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún obìnrin yẹn."

"Ẹja tó fẹ́ sọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kọ di irọ́ lẹ ń bọ́?"

"Ọ̀tọ̀ ni ìwé, ọ̀tọ̀ ni ẹja. Bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó máa ń wá sójú omi. Kò sẹ́ni tó ń wá pàdé mi nílé."

Ọ̀gá mi di báálì náà padà fún un, ó ní kó máa lọ. Mo ti ń rò pé ọwọ́ wa ti ṣófo. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi: gbogbo ilé yìí ló ń bọ́ ẹja náà, gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀, ta wá ni olè?

Ó ní mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́, n kò kàn gbọ́ ni. Kóòtù àti aṣọ iṣẹ́ mọ́kànlélógún lòun yẹ̀ wò. Ogún ló ní èérún nínú àpò. Ẹyọ kan ló mọ́ tónítóní, àpò rẹ̀ sì tutù, ó ń ta òórùn ọṣẹ. "Wilga," ó wí, "ta ló máa ń fọ àpò nìkan, tí kò fọ aṣọ? Ẹni tó ti rí ohun tí èérún inú rẹ̀ ṣe ni. Ìyẹn lẹni tó mọ̀ ṣáájú gbogbo wa pé oúnjẹ ti ba ẹja jẹ́."

Mo bi í ta ló ni aṣọ náà. Aṣọ iṣẹ́ Walenty Dudek ni.

A wá Walenty títí, wọ́n ní ó ti lọ sílé jẹun. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, àjà kẹta ni. A mú dókítà dání. Ilẹ̀kùn kò tì. Nínú ilé ìwẹ̀, Pani Kunegunda Dudek jókòó sórí àpótí, ó ti ká apá aṣọ dé èjìká, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja ńlá kan ró nínú omi kó má bàa dojú délẹ̀. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń hó nínú omi. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tó fi ń wọn omi, kò sì gbójú sókè nígbà tí a wọlé.

Obìnrin náà ló sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ dákun ẹ mú un. Láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni mo ti ń gbé ẹja yìí ró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbé mi ró báyìí rí."

Dókítà ti kúnlẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn Hetman, ó wo ibi tó fi ń mí, ó wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀.

"Kò sí àrùn kankan lára rẹ̀," ó wí. "Ó yó ni. Ó jẹ àjẹkì. Ojú ewé irínwó ni mo kọ lórí àrùn ẹja, inú rere kò sì sí nínú wọn."

Walenty wá rò ó fún wa. Aago márùn-ún ààbọ̀ ló dé ibi iṣẹ́, ó bá Hetman ní ìdùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ wú. Òun náà ń fún un ní búrẹ́dì lójoojúmọ́, ó sì rò pé òun lòun pa á. Ó mọ̀ pé bí ìgbìmọ̀ bá rí ikùn wíwú yẹn, wọ́n á ní àrùn ọjọ́ kìíní ló padà wá, ó parí. Ṣùgbọ́n bí olè bá gbé ẹja, wọ́n á kàn sún ọjọ́ síwájú, ara ẹja á sì ti yá. Ló bá gbé e sínú kẹ́ẹ̀gì wàrà, ó fi ọmọlanke tì í wálé. Ìpẹ́ ẹja Kérésì tiwọn ló bu sójú fèrèsé.

"Mo mọ̀ pé ìpẹ́ yẹn ò lè tàn yín," ó sọ fún dókítà. "Mo fẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá máa wá ìta kiri, kí ẹ̀yin sì kà á, kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun ni wọ́n pa."

"Mo kà á. Mo sì sọ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀."

"Mo gbọ́. Ó dùn mí gan-an."

Dókítà ń wò ó. Mo rò pé á bínú, ó sì bínú lóòótọ́, àmọ́ ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Pan Walenty, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wá òótọ́ kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja yìí. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí n gorí irọ́ lọ gbà á ni?"

Walenty fi ọwọ́ tútù nu ojú. Mo yọ ìwé mi jáde, mo bi ọ̀gá mi pé kí ni kí n kọ. Ó ní kí n kọ ọ́ pé a ò bá olè, pé ẹja wà nílé ìwòsàn.

Lọ́jọ́ kejì, aago mọ́kànlá, Dókítà Mięta dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá láìmú nǹkan kan dání. Èmi àti ọ̀gá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wa ti parí, àmọ́ ọ̀gá mi ní bí òun bá lọ, oorun kò ní kun òun mọ́. Dókítà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ẹja òun kò yá, wọ́n ti bọ́ ọ ní àbọ́jù lábẹ́ imú òun tí òun kò mọ̀, àléébù ńlá sì ni fún ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀. Ó ní ó wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ Pan Dudek, kò ṣeé gbé kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó máa bá òun kálọ. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó dìbò kó kọ òun.

Rączka bá dìde. Mo rí i tí dókítà di ọwọ́ mú bí ẹni tó ń retí ẹgba.

"Báálì ni tèmi," Rączka wí. "Ní Ọjọ́bọ̀."

Ó jókòó. Alága ìgbìmọ̀ wú ikọ́, ó bi wọ́n bóyá ẹlòmíràn wà tó ń bọ́ ọ. Ọwọ́ mẹ́jọ ló gòkè, ti alága fúnra rẹ̀ sì ṣìkẹsàn-án.

Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjìlá ṣe wọ kóòtù nìyẹn, tí wọ́n gba inú yìnyín lọ sí ilé Dudek. Ilé ìwẹ̀ náà kò gba ju ènìyàn mẹ́ta lọ, ni wọ́n bá tò lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wọlé ní méjì-méjì. Ẹ̀yin náà mọ ìlú wa: ọjà wọ́n, orí ìlà la ti ń rí i rà. Ẹni tó bá rí ènìyàn méjìlá tí wọ́n tò, kò ní bèèrè ohun tí wọ́n ń tà kó tó bọ́ sẹ́yìn wọn. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlà ti dé ìsàlẹ̀, ó ti gba ẹnu ọ̀nà jáde sójú pópó. Àwọn kan ní ọsàn ni, àwọn kan ní bàtà òtútù.

Nínú ilé ìwẹ̀, Hetman ti ń dá dúró nínú omi fúnra rẹ̀. Ebi alẹ́ kan péré ti ṣe é lóore. Rączka ló di ìrù rẹ̀ mú, dókítà fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó kán an sórí dígí pẹ̀lú omi tó ní òkú kòkòrò àrùn náà nínú. Omi ọ̀hún funfun bíi wàrà tí wọ́n bu omi là. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbàgbé, bẹ́ẹ̀ náà ló máa wà. A dúró. Pani Kunegunda yọrí lẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bèèrè bóyá kí òun po tíì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í já sí hóró-hóró, kòkòrò ń ṣùjọ sí kòkòrò, títí tí omi tó wà láàárín wọn fi mọ́ gaara.

Rączka tẹjú mọ́ dígí náà pẹ́ débi pé àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ìwé mẹ́ta ni mo kọ pé kò ṣeé ṣe," ó wí. "N ó kọ ìkẹrin."

Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti dìbò. Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Alága sọ ọ́ sínú ilé ìwẹ̀ pé láti ìsinsìnyí lọ, dósẹ́ǹtì ni obìnrin náà.

Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lọ tán, ìlà ṣì wà níbẹ̀. Ìyá kan tó gbé àpò ìrajà lọ́wọ́ ló kan. Ó yọjú wo inú ọpọ́n, ó bi mí pé mélòó ni wọ́n ń tà fún ẹnì kan. Mo ní wọn ò ta nǹkan kan, oyè ni wọ́n fi obìnrin yìí jẹ, torí ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe ìwádìí ẹja yìí, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òótọ́ ló ń sọ.

Ìyá náà ronú díẹ̀. Ó ní òun ti tò fún wákàtí kan, òun kò lè lọ lásán. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára kóòtù, ó wọlé lọ bọ dókítà lọ́wọ́, ó sì kí i kú oríire. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò ó bó ṣe ń ṣe é, òun náà wọlé. Ìlà náà ń sún lọ ní ẹyọ ẹyọ, láti ojú pópó wọ àjà kẹta. Teodora Mięta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gba ọwọ́ gbogbo ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan.